Ìwé, Àjákù Ànkárá àti Amọ̀: Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ìbejì Mi Nílé

Ọjọ́ tí mo ra ìwé aláwòrán àkọ́kọ́ fún àwọn ìbejì mi, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí wọ́n fi fà á ya. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n. Táyé di ẹ̀yìn ìwé mú, Kẹ́hìndé di iwájú, oníkálùkù ní "tèmi ni". Mo gbọ́ "fàrà", mo sáré dìde nídìí máṣíìnì, mo bá ewúrẹ́ inú ìwé, orí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan, ìrù rẹ̀ lọ́wọ́ èkejì. Ó dùn mí gan-an, torí owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo fi rà á. Mo fẹ́ gbé ìyókù pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Màámi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, tó o bá gbé e pamọ́, wọ́n á rò pé ìwé kì í ṣe tiwọn. Pè wọ́n kí wọ́n wá bá ọ tún un ṣe."

Mo po sítáàṣì. Mo tẹ́ ewúrẹ́ náà sórí tábìlì, mo gé aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ̀ tó ìka méjì, mo ní kí Táyé fi ìka pa sítáàṣì sí i lára, kí Kẹ́hìndé wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ya. Ọwọ́ Kẹ́hìndé wúwo. Ó tẹ̀ ẹ́ títí sítáàṣì fi ń yọ jáde lọ́tùn-ún lósì. Ó wá tẹjú mọ́ ewúrẹ́ náà, ó ní, "Ó ti sàn." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá mú ìwé yẹn, ibi àpá ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣí sí, wọn kò sì fa ìwé kankan ya mọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Láagere, nílé-Ifẹ̀ níbí, àwọn ọmọ sì máa ń dé bá mi láti jẹ́lé-ó-sinmi kí aago méjì tó lù. N kì í ṣe tíṣà, n kò sì ní odidi ọjọ́ tí mo lè fi jókòó tì wọ́n. Àárín aṣọ kan sí èkejì ni mo ti ń ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nígbà mìíràn kí oníbàárà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ohun kan tí mo rí tó ń mú ẹ̀kọ́ wọ̀ wọ́n lára ni pé kí ọwọ́ wọn ṣe ohun tí ojú wọn rí nínú ìwé, kó tó di ọjọ́ kejì. Bí a bá ka ti adìẹ lọ́sàn-án, a gbọ́dọ̀ ṣe adìẹ kan kí ilẹ̀ tó ṣú, ì báà jẹ́ èyí tí a fi ewé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti gọ́ọ̀mù, torí gbogbo iṣẹ́ yòókù ló rọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike dára, àmọ́ ọmọ ọdún méjì á fi kan ẹnu. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mo ń lò. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì sínú abọ́, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí kò fi ní ní kókó kankan mọ́. Ẹ wá máa da omi tó ń hó lé e lórí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó lọ láìdúró. Ẹ ó rí i tó máa yí padà lójú yín, funfun rẹ̀ á lọ, á máa dán, á sì fà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù pátápátá kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí yóò fi kan, nítorí náà ẹ má ṣe é púpọ̀.

Ní ti ìwé kíkà fúnra rẹ̀, n kì í ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé fún wọn. Mo máa ń ṣí ojú ìwé, mo á dákẹ́, mo á ka ení dé ẹ̀wá nínú ikùn mi. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ọmọ ti máa ń na ìka. "Kí nìyí?" kì í pẹ́ tán lẹ́nu ọmọ, torí ọ̀rọ̀ kan péré ló máa fi dáhùn. Èyí tó ń là wọ́n lẹ́nu ni "Kí ló ń ṣe?", "Níbo ló ń sá lọ?", "Ta ló lé e?" Bí Kẹ́hìndé bá ní, "Adìẹ sáré," mo á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, adìẹ ń sáré, ó rí àwòdì lókè." Mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún tirẹ̀, mi ò bá a wí pé kò sọ ọ́ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo gbọ́ tó ń sọ ti àwòdì fún ọmọ ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ìwé kan náà ni wọ́n á fẹ́ lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ọmọ tó ti mọ ohun tó kàn kí ẹ tó ṣí i ti ń kàwé nìyẹn, lọ́nà tirẹ̀. Bó bá sì dìde láàárín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ta.

Èdè ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé tó wà lọ́jà wa. Yorùbá ni èmi fi ń sọ àwòrán inú wọn. Àwọn òbí kan ti sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ mi á kú sẹ́yìn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ìlú wa yìí gan-an ni wọ́n ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn rárá, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ ohun tí àwòdì ń ṣe ní Yorùbá, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù fún un láti kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ tó sún mọ́ ọwọ́ mi jù ni ìwé aláṣọ, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀. Ìwé tí kò ṣeé ya, tó ṣeé fọ̀, tó ṣeé gbé sùn. Ẹ wá aṣọ òwú tó nípọn díẹ̀, aláwọ̀ kan ló dáa kí àwòrán lè yọ. Ẹ gé e sí ẹyọ mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 14, kó sì fẹ̀ ní ínṣì 7. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kí ojú ìlà àárín lè hàn. Ẹ kọ́kọ́ rán àwòrán mọ́ ọn kí ẹ tó so ẹyọ méjì pọ̀. Èmi kò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo so wọ́n pọ̀ ná, gbogbo ìránṣọ àwòrán iwájú sì hàn lẹ́yìn, mo ní láti tú u. Tí àwòrán bá ti wà lára wọn, ẹ kó ẹyọ méjì fẹ̀yìn kan ara wọn, ẹ fi sítéè líle sáàárín, irú èyí tí a fi ń mú kọ́là dúró, ẹ rán etí wọn yíká. Abala mẹ́ta ló máa jáde. Ẹ tò wọ́n lé ara wọn, ẹ rán ojú ìlà àárín láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa á dé. Ojú ìwé 12 nìyẹn. Ẹni tí kò ní máṣíìnì lè fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an, kó fi òwú onímẹ́jì ṣe àárín.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ mú àjákù aṣọ tó wù ú. Mo kó àpò àjákù ànkárá dà sílẹ̀, mo ní a fẹ́ ṣe adìẹ. Táyé mú aláwọ̀ aró. Mo ní, "Adìẹ wo ló rí báyìí?" Ó ní, "Adìẹ tèmi." Adìẹ aláwọ̀ aró ló wà nínú ìwé náà dòní, inú mi sì dùn pé mi ò bá a jà. Òkè apá rẹ̀ nìkan ni mo rán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé ṣí, ọmọ adìẹ mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ "lábẹ́" àti "lórí", ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mọ ẹ̀ta. Òwú dúdú ni mo fi kọ ADÌẸ sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì tó wà lábẹ́ Ẹ. Ẹ má yọ àmì sílẹ̀ nítorí pé ọmọdé ni. Ojú tó bá ti mọ̀ ọ́n láti kékeré kò ní máa rò pé ẹrù ni.

Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, mo gé ilé kan láti ara aṣọ tí a dá níjọ́ ìkómọ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń béèrè ẹni tó wá lọ́jọ́ náà. À ń ka orúkọ àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti lọ náà ń bẹ níbẹ̀.

Bí a bá ń pa àlọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ìyẹn náà. Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀wà ni, mo máa ń kó ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn kí wọ́n wá ojú tó lé tìróò náà. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi sítáàṣì lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, wọ́n á fi ya ilé, wọ́n á fi ya ejò. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì tàbí ẹ̀pà. Ọmọ aládùúgbò wa ki ẹ̀wà bọ imú ní ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ kàn yíjú láti san owó omi, ọsibítù ni wọ́n ti yọ ọ́. Fún ọmọ ọdún kan àti méjì, ewé àti aṣọ ni kẹ́ ẹ lò, ohun tí kò lè wọ imú tàbí há ní ọ̀fun.

Nígbà tí tèmi pé ọdún mẹ́ta, jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ránṣẹ́ sí mi pé Táyé kò lè di pẹ́ńsù mú, kí n máa fún un ní ojú ìwé méjì kọ lálaalẹ́. A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹkún ló fi ń kọ ọ́. Ó wá di pé bó bá ti rí pẹ́ńsù, á kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ìka rẹ̀ ni kò tíì lágbára, kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀. Mo kó pẹ́ńsù kúrò nílẹ̀, mo ní kó máa bá mi fi péègì há aṣọ, kó máa fún omi lára tówẹ̀lì kékeré, kó máa fi ọwọ́ ya ìwé ìròyìn àtijọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, mo bá a tó fi èédú ya róbótó sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní orí ewúrẹ́ ni.

Amọ̀ ló ràn án lọ́wọ́ jù. Ẹ lè rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ ìkòkò, ẹ ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, ẹ pò ó títí kó má fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Bí kò bá sí, ẹ po ife fúláwà méjì mọ́ ife iyọ̀ kan, kí ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. A kọ́kọ́ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ẹnuwá. Àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ mọ láyé àtijọ́ wà níbẹ̀, òmíràn ní ìlà wínníwínní láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kẹ́hìndé béèrè ẹni tó "yà á lára". Nígbà tí a délé, a mọ orí tiwa, wọ́n fi ìyarun fa ìlà sójú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn mo sọ ìtàn Lúwo fún wọn, obìnrin tí àwọn àgbà sọ pé ó jẹ Ọọ̀ni, tó sì ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀. Àpáàdì náà ṣì wà láwọn ibì kan nínú ìlú, wọ́n tò wọ́n ní ìnàró. A fi ọwọ́ tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ, mo fún wọn ní ṣùkù àgbàdo tí a ti jẹ ọmọ rẹ̀ tán, wọ́n yí i lórí amọ̀ náà. Ihò kéékèèké jáde ní ẹsẹẹsẹ. Irú àmì ṣùkù yìí wà lára ìkòkò àtijọ́ ti Ifẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sá amọ̀ yín sí abẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí oòrùn gangan á sán an.

Ní ti ọ̀dà, ilé ìdáná ti tó. Ẹ gé ilá ní ìbú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú osùn tí ẹ pò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ìràwọ̀ ló máa jáde. Omi ìṣápá pupa náà dára, ẹ sì da omi eérú díẹ̀ sínú rẹ̀ lójú àwọn ọmọ kí wọ́n rí bí pupa ṣe máa ṣí lọ, tí á máa ṣú bí aró.

Fóònù ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wò ó rárá, kí ti ọdún méjì sí mẹ́rin má kọjá wákàtí kan lójúmọ́. Ohun tí mo ń tẹ̀ lé nìyẹn, àfi bí Bàámi bá pè láti fi fídíò rí wọn.

Apẹ̀rẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ tábìlì ìgéṣọ mi, ibi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o. Ìwé márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, méjì aláṣọ, mẹ́ta oníbébà. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, òjò ń rọ̀, iná kò sí, oníbàárà kan jókòó, ó ń dúró dè mí kí n pa bọ́tìnnì bùbá rẹ̀ tán. Kẹ́hìndé mú ìwé ewúrẹ́ lọ bá a, ó ṣí i sí ibi àpá, ó fi ìka tọ́ ọ. "Ó ya tẹ́lẹ̀, Mọ́mì," ló wí fún un. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."