Ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ wo fídíò èdè adití dáadáa kí ẹ tó lò ó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní èdè adití, ẹ yẹ fídíò tí ẹ fẹ́ lò wò ná, kó má lọ jẹ́ ti Bìrìtìkó. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà A dé Z ní Bìrìtìkó. Ọwọ́ kan ni tiwa ní Nàìjíríà, torí èdè adití ti Amẹ́ríkà ni Andrew Foster, tí òun náà jẹ́ adití, mú wá sí Ìbàdàn ní 1960. Èyí tó dára jù ni kí ẹ pe adití àgbàlagbà kan wá sí kíláàsì. Kí àwọn ọmọ máa wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá gbé irun òkè ojú sókè, ó lè jẹ́ ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń bi wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.