Ibi tí ẹ ó ti mọ ìlú tí férémù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ti wá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra férémù kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́, ẹ má fi orúkọ tó wà lára rẹ̀ nìkan pinnu ibi tí ó ti wá. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ yẹ ihò ńlá tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá wò. Ẹnikẹ́ni ló lè tún ọ̀dà kùn tàbí kí ó lẹ sítíkà tuntun, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí wọ́n tún inú ihò yẹn gé. Ẹ wọn bí ihò náà ṣe gùn tó láti etí ọ̀tún dé etí òsì, kì í ṣe bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó: bí ó bá jẹ́ mìlímítà 70, ti Ítálì ló sábà máa ń jẹ́, bí ó bá jẹ́ 68, ó lè jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé. Láti ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ẹ tú ìdérí tó wà ní apá ṣéènì: ti Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú (ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ba irin jẹ́ nítorí pé wọn kò mọ èyí), nígbà tí ti Faransé ń tú sí ọwọ́ òsì bí ìdè yòókù. Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ṣe ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí àwọn bàbá wa gùn, tún dá yàtọ̀: nínú àwọn ìlà yíyípo tí wọ́n gé sínú ihò náà kí ìdérí lè wọ̀ ọ́, 26 ló wà nínú íǹṣì kan, dípò 24 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yòókù ń gé. Àmọ́ o, àwọn ará Japan náà lo ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì gan-an, nítorí náà 68 nìkan kò fi hàn pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é.