Bí a ṣe ń yan kọ́ìlì tó bá dísíríbútọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ mu

Bí ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tàbí Peugeot 504 àtijọ́ bá ń jí wẹ́rẹ́ láàárọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó ń kú nígbà tó bá ti gbóná kó tó dé Ọ̀ṣú, tó sì tún ń jí lẹ́yìn tó bá ti tutù tán, kábúrétọ̀ ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ kọ́ìlì wò, ìyẹn agolo tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún plọ́ọ̀gì tó ń dáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ní ojú tèmi, ohun tó ń ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé nígbà tí kọ́ìlì tó bá a wá bá kú, èyíkéyìí tó bá ṣáà rọ́wọ́ tó ni a máa ń dè sí i, nítorí pé gbogbo wọn jọra lójú. Àwọ̀ ara agolo náà kò sọ ohunkóhun fún wa; mítà tí a fi ń wọn iná ló ń sọ ọ́.

Nínú dísíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, ni kọ́ńtáàtì wà, irin kékeré méjì tó ń kanra tó sì ń yara. Bí wọ́n bá kanra, iná bátìrì ń gba inú wáyà nínípọn tó wà nínú kọ́ìlì kọjá. Bí wọ́n bá yara, iná náà yóò já lójijì, ìjá yìí ló sì ń mú kí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú kọ́ìlì kan náà gbé iná tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì jáde, tí rótọ̀, apá tó ń yí nínú dísíríbútọ̀, yóò sì pín in fún plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ńtáàtì ní ìwọ̀n: iná bí áńpì 4 (áńpì ni ìwọ̀n bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó) ló lè máa já fún ìgbà pípẹ́ láìjóná. Kọ́ìlì tí wáyà nínípọn rẹ̀ jẹ́ óòmù 3 (óòmù ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) yóò fa áńpì 4 lára bátìrì fóòtì 12. Èyí tó jẹ́ óòmù 1.5 yóò fa 8, àfi tí rẹsísítọ̀, ohun tó ń dín iná kù, tó tó bíi óòmù 1.5 bá wà láàárín òun àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Èyí tí kò tó óòmù 1, ọkọ̀ tó ń lo ẹlẹ́kítíróníìkì ló ni ín, kò sì sí ohun tó pa òun àti kọ́ńtáàtì pọ̀.

Kí ẹ tó sanwó kọ́ìlì tòkúnbọ̀, ẹ yí mítà sí óòmù 200, kí ẹ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn ná. Bí ó bá kà 0.4, ẹ yọ 0.4 náà kúrò nínú ohun tí ẹ bá kà lójú kọ́ìlì, nítorí pé ìwọ̀n yìí kéré débi pé wáyà mítà lásán lè ṣì yín lọ́nà. Ojú kékeré méjì ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ihò àárín. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí wáyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, torí pé nínú àwọn ọkọ̀ kan, rẹsísítọ̀ náà kò hàn síta. Wáyà gígùn kan tó fara pamọ́ sáàárín àwọn yòókù ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí kọ́ńtáàtì yóò fi kanra, kí ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì wọn fóòtì láti ojú pósítíìfù kọ́ìlì sí ara ọkọ̀. Bí ó bá sún mọ́ 12, kò sí rẹsísítọ̀. Bí ó bá wà láàárín 6 sí 9, ó wà níbẹ̀. Bí kọ́ńtáàtì bá yara nígbà tí ẹ ń wọ̀n, 12 ni yóò máa kà ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rìwáyà ti ń ṣìnà. Ẹ tètè pa kọ́kọ́rọ́, nítorí pé kọ́ìlì ń gbóná bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́.

Kọ́ìlì óòmù 3 lórí wáyà tó ní rẹsísítọ̀ kò ní jó ohunkóhun, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ yóò rọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa kọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá kó ẹrù gun òkè lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà bá ṣe fún pọ̀ tó ni plọ́ọ̀gì ṣe ń béèrè fóòtì tó.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, lára kọ́ìlì ilé-iṣẹ́ Bosch, ojú tí wọ́n kọ 15 sí ló gba iná láti kọ́kọ́rọ́, èyí tí wọ́n kọ 1 sí ló lọ sí dísíríbútọ̀. Bí ẹ bá gbé e sódì, ọkọ̀ yóò ṣì jí, ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n iná plọ́ọ̀gì kò ní lágbára bó ṣe yẹ. Ẹ pààrọ̀ kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà, agolo kékeré tí kì í jẹ́ kí iná tètè jó kọ́ńtáàtì, lẹ́ẹ̀kan náà, kí àlàfo kọ́ńtáàtì Ìjàpá sì jẹ́ mílímítà 0.4.

Ẹ wa ọkọ̀ náà dé Ọ̀ṣú kí ẹ sì padà, kí ẹ fọwọ́ kan kọ́ìlì. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí kò bá ṣe é dì mú, iná tó ń gbà á kọjá ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí dísíríbútọ̀: bí ojú kọ́ńtáàtì bá mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti eérú, ó ti bá a mu, bí ó bá jóná tàbí tó ti ń di búlúù, ẹ tún kọ́ìlì, rẹsísítọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà wọ̀n.