Ta Ló Ń Pàṣẹ Eré Gan-an? Bí A Ṣe Wá Kóòṣì Ìkọlù Tuntun Lẹ́yìn Tí Èyí Àkọ́kọ́ Ná Wa Lówó

Títí di ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2025, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ṣì ń sanwó oṣù fún ọkùnrin kan tí kò tẹsẹ̀ sí ọ́fíìsì wa láti oṣù Kọkànlá ọdún tó ṣáájú. Òun ló ń darí ẹ̀ka ìkọlù, ìyẹn àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ gba àmì, nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wa tẹ́lẹ̀. A ní kó máa lọ, àmọ́ ìwé àdéhùn rẹ̀ kò tíì tán, oṣù méje gbáko la sì fi san owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ilé ìwé kékeré ni tiwa ní Texas níbí, a kì í ṣe ara àwọn tí pápá wọn ń gba ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn. Owó náà wúwo fún wa. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi gan-an ni mo gbé orúkọ ọkùnrin náà síwájú ọ̀gá mi ní oṣù Kìíní ọdún 2023.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Houston ni mo dàgbà sí. Houston yìí náà ni mo ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nílé ìwé girama, ní ìlà iwájú, níbi tí àwọn géńdé ti ń forí gbárí. Ní báyìí, èmi ni mò ń bá kóòṣì àgbà, ìyẹn ọ̀gá mi, ṣètò ọkọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, fídíò àti ìwé àwọn ọmọ. Mo rò pé mo mọ bọ́ọ̀lù yìí dáadáa. Nígbà tí ìwé ọkùnrin yẹn dé, ohun tó kọ sókè pátápátá ni pé ikọ̀ tó ti ń bọ̀ ń gba àmì 41 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Mo fi han ọ̀gá, inú wọn dùn, wọ́n ní kí n pè é wá.

Mi ò tú 41 yẹn palẹ̀ wò. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa fún sáà kan kí n tó padà lọ wo ìdíje wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀ka ìdènà wọn ni wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá tí wọ́n sì gbé e sá wọlé nígbà bíi mélòó kan, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ta lókè náà sì mú tiwọn wá. Ọmọ tó jẹ́ quarterback fún un, ìyẹn ẹni tó ń darí ìkọlù lórí pápá tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, ló ṣe ìyókù, ọmọ yẹn sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ wa lọ́wọ́ òfo.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ti fi àmì wọn kóòṣì. Ní Yunifásítì Iowa, lọ́dún 2023, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn Brian Ferentz tó ń darí ìkọlù wọn pé ikọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa gba àmì 25 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan bí a bá pín gbogbo rẹ̀, àmì tí ẹ̀ka ìdènà bá sì gbà, wọ́n á kà á mọ́ ọn. Wọn ò dé ibẹ̀. Síbẹ̀ ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò: bí ẹ̀ka ìdènà bá gbà wọ́n dé 25, ṣé ó fi hàn pé ọkùnrin tó ń darí ìkọlù mọ iṣẹ́ ni? Ẹ tún wo Yunifásítì Western Kentucky lọ́dún 2021. Nígbà tí wọ́n mú Zach Kittley wá láti ilé ìwé Houston Baptist kó wá darí ìkọlù wọn, Bailey Zappe tó jẹ́ quarterback rẹ̀ níbẹ̀ bá a wá. Zappe ju bọ́ọ̀lù yáàdì 5,967 àti touchdown 62 (ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ọ̀tá) lọ́dún kan ṣoṣo yẹn. Kóòṣì àti ọmọ tó mọ èdè rẹ̀ ni wọ́n gbà papọ̀. Èmi gba kóòṣì, mi ò béèrè ọmọ.

Nítorí náà, nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2024, mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Lọ ṣe é, ṣùgbọ́n má tún mú nọ́ńbà kan ṣoṣo wá bá mi."

Mi ò ní sọ ti ìkéde, ti ìwé tí àwọn èèyàn kọ wá, ti ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ àti ìwádìí ìwà ọ̀daràn. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ku èèyàn márùn-ún.

Mo kó fídíò wọn jọ, mo jókòó tì í lóru, mo sì ń kọ eré kọ̀ọ̀kan sínú Excel. Ìgbà mẹ́rin ni ikọ̀ ní láti fi rin yáàdì 10, eré kan sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà kìíní, bí eré bá gba ìdajì yáàdì tó kù, mo kà á sí pé ó yọrí. Ní ìgbà kejì, ó gbọ́dọ̀ gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìgbà kẹta àti ìkẹrin, ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo dá òṣùwọ̀n yìí sílẹ̀, àwọn tó ń fi ìṣirò wo bọ́ọ̀lù yìí ti ń lò ó tipẹ́. Eré tí wọ́n gbá lẹ́yìn tí ìdíje ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo yọ ọ́ kúrò. Àmì tí kì í ṣe ẹ̀ka ìkọlù ló gbà á, mo yọ ọ́ kúrò.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí wọ́n bá gbé quarterback ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, inú yáàdì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ sá ni wọ́n ti ń yọ èyí tó sọnù. Ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbowó, inú ti bọ́ọ̀lù jíjù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tó bá wo ìwé ìṣirò kọ́lẹ́ẹ̀jì láìmọ èyí lè rò pé kóòṣì kan ò mọ eré sísá, nígbà tó jẹ́ pé ìlà iwájú rẹ̀ ni kò dá ààbò bo quarterback. Mo tún ti gbogbo àwọn márààrún ṣírò pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ọ̀gá mi ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n kà á dé òpin, wọ́n ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí nílé ìwé tó tó tiwa. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, inú NFL ló ti ń bọ̀. Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo eré tó yà fún wa ló ti àárín pápá bẹ̀rẹ̀. Ní NFL, ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ààbọ̀ ló wà láàárín àmì méjèèjì tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí. Tiwa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40. Tiwa máa ń fi apá kan pápá sílẹ̀ gbayawu, apá kejì á sì há. Ẹni tí kò bá fi ìyẹn ṣètò ti fi idà sílẹ̀ nínú àkọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú nìyí. Ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ jù nínú òṣùwọ̀n mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé tó ju tiwa lọ fíìfíì. Orúkọ oyè rẹ̀ níbẹ̀ ni olùdarí ìkọlù. Ṣùgbọ́n kóòṣì àgbà ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ olùdarí ìkọlù rí. Mo bi ara mi pé: nínú àwọn méjèèjì, ta ló ń pàṣẹ eré, ìyẹn ẹni tó ń yan eré tí ikọ̀ máa gbá?

Ìbéèrè kékeré. Ọjọ́ méjìlá ni mo fi wá ìdáhùn rẹ̀.

Mo pe ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kí n kọ ímeèlì. Mo kọ ímeèlì, wọ́n fèsì lọ́jọ́ kẹrin pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é. Mo pe èèyàn mẹ́ta tí ọkùnrin náà kọ orúkọ wọn pé kí a béèrè òun lọ́wọ́ wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìn ín gan-an. Nígbà tí mo wá béèrè pé ta ló ń pàṣẹ eré, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ohun kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ há a sórí: "Ó kópa tó ga níbẹ̀." Mo bi ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ó ní, "A jọ ń ṣe é ni." Mo wo fídíò tẹlifíṣọ̀n wọn bóyá màá rí ẹni tó di ìwé eré mú tó sì ń fi í bo ẹnu. Àwọn méjèèjì ló di ìwé mú, àwọn méjèèjì ló ń bo ẹnu.

Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tó dára pàápàá. Ní LSU, ìyẹn yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, lọ́dún 2019, Joe Brady ló gba àmì ẹ̀yẹ Broyles tí wọ́n ń fún igbákejì kóòṣì tó ta yọ jù lọ, síbẹ̀ Steve Ensminger ló jẹ́ olùdarí ìkọlù. Ikọ̀ yẹn gbá ìdíje 15, wọn ò pàdánù ẹyọ kan. Àmọ́ bí èèyàn bá fẹ́ gba ọ̀kan nínú wọn síṣẹ́, ó yẹ kó mọ èyí tí òun ń gbà.

Láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn ni ohun tí mò ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, àyè tí àwọn ọmọ fi ń ṣí lọ sí ilé ìwé mìíràn ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, quarterback wa kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Sà, ta ni kóòṣì mi?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó dúró díẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, orúkọ rẹ̀ ti wà láàárín àwọn tó ń lọ. Mo ṣì ń bínú sí gbogbo èèyàn tó fi ẹnu dídùn gba ọjọ́ méjìlá lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó lè dá mi lóhùn ni agbábọ́ọ̀lù wọn, àmọ́ òfin ò gbà wá láyè láti bá ọmọ tó ṣì wà nínú ikọ̀ ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Àfi ẹni tí ọdún rẹ̀ ti pé, tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Ìyá mi ló ṣí ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ilé ìwé tí ọmọ Màmá Ìjẹ̀bú inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn? Ó ti parí o." Òótọ́ ni. Ìlà iwájú ló ti gbá bọ́ọ̀lù, bíi tèmi. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnu mi ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́." Mo sọ fún un pé bí a bá fi irọ́ gba ọkùnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ náà ló máa bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì sọ ti ẹni tí à ń sanwó fún nílé. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun kì í gbọ́ rédíò tí kóòṣì fi ń bá àwọn tó wà lórí pápá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun máa so mí pọ̀ mọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ: quarterback wọn, tí ọdún tirẹ̀ náà ti pé.

Láti ọdún 2024 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti gba àwọn ikọ̀ ìpele tó ga jù láyè láti fi rédíò sínú àṣíborí. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀ka ìkọlù ló máa ń ní in lórí pápá, àmì aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́yìn àṣíborí rẹ̀, rédíò náà sì máa ń kú nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago tó ń ka àkókò eré kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà mi ò bi ọmọ náà ní ìbéèrè tó gùn. Mo ní, "Ohùn ta lò ń gbọ́?"

Ó ní, "Ohùn kóòṣì àgbà. Àfi ìdíje méjì tí wọ́n gbé e fún ẹnì kejì."

Ọjọ́ méjìlá, ìdáhùn náà ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo béèrè ìdíje méjèèjì, mo wò wọ́n lóru yẹn kan náà. Nínú méjèèjì, ìgbà kìíní kò yọrí, eré kan náà ló ń tún yàn láti inú ìtò kan náà. Ọkùnrin náà kì í ṣe òpùrọ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí à ń wá ẹni tó máa ṣe kọ́ ló ń ṣe.

Mo padà sí ẹni kẹta lórí ìwé mi. Ilé ìwé kékeré ló wà, ní Division II, ìpele kejì àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì tóbi. Ṣùgbọ́n kóòṣì àgbà rẹ̀, èèyàn ìdènà ni látilẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó lè máa pàṣẹ ìkọlù níbẹ̀ ju òun lọ. Ká ní ibẹ̀ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ni, quarterback wa ì bá wà níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí kóòṣì àgbà jẹ́ kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà ìgbákejì rẹ̀.

Ó wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ọ̀gá mi fún un ní pátákó, wọ́n ní ìgbà kẹta, yáàdì méje ló kù, kó ya eré tó máa yàn. Kò ya nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, àwọn wo ló wà ní ìlà iwájú yín, ta ni kò lè dènà láìsí olùrànlọ́wọ́?" Ara mi yá gágá. Èèyàn tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù níwájú mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ètò ti ń wó. Lẹ́yìn náà ló wá ya eré mẹ́ta, ó fi bọ́ọ̀lù sí etí pápá, kò fi sí àárín. Ọ̀gá mi gbà á lọ́jọ́ kejì.

Ìyẹn náà ò lọ geere. Ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ gbọ́dọ̀ sanwó fún ilé ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ṣẹ́ẹ̀kì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Mi ò béèrè ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ láti fi tún yàrá fídíò wa ṣe ló lọ sí i. Ẹ béèrè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo fídíò ẹyọ kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí Kérésìmesì tó dé. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè lórí fóònù láti ọ́fíìsì rẹ̀ tuntun ni quarterback wa tó lọ. Ọmọ náà dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun ti fọwọ́ síwèé níbòmíràn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ìwé owó oṣù ìkẹyìn ọkùnrin àtijọ́ dé orí tábìlì mi. Mo yẹ ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ sí i, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìṣúná fúnra mi.