Mánúà tàbí Ọtomátíìkì: Bí A Ṣe Ń Yan Jíà fún Mọ́tò Dírágì, àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Gbéra

Eré dírágì ò ní kọ́nà kankan. Mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sá fíìtì 1,320, ìyẹn ìdámẹ́rin máìlì kan, ó parí. Ẹni tí kò mọ eré náà á rò pé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù ló ń borí. Ẹ lọ dúró létí pápá náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ẹ ó rí i pé àárín ẹ́ńjìnnì àti táyà ni ọ̀pọ̀ eré ti ń bàjẹ́: kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, jíà kọ̀ kò wọlé, ọ́ìlì jíà jóná.

Mi ò ní fi èrò mi pamọ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ máa borí, ọtomátíìkì ni kí ẹ mú. Ẹ jẹ́ ká gbà á lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ lè rí ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ eré tí ẹ fẹ́ wọ̀

Wally Parks ló dá NHRA, àjọ tó ń ṣètò eré dírágì ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní California lọ́dún 1951, oríṣiríṣi ìsọ̀rí eré ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló borí. Àmọ́ èyí tí àwọn tó ń gbé mọ́tò ara wọn wá lópin ọ̀sẹ̀ ń sá jù ni wọ́n ń pè ní bracket. Níbẹ̀, ẹ ó ti kọ iye àkókò tí mọ́tò yín máa lò sára gíláàsì rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo kọ 11.50, ẹ̀yin kọ 13.00. Iná yín á tàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ ṣáájú tèmi. Bí mo bá wá sá 11.48, mo ti yára ju ohun tí mo kọ lọ nìyẹn. Tí ẹ̀yin kò bá yára ju iye tí ẹ kọ lọ, ẹ̀yin lẹ borí, bí mo tilẹ̀ ṣíwájú yín dé.

Ẹ rí i pé kì í ṣe mọ́tò tó yára jù lẹ ń wá. Mọ́tò tí kì í purọ́ lẹ ń wá. Ọtomátíìkì máa ń ṣe ohun kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹsẹ̀ èèyàn lórí kílọ́ọ̀ṣì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tí ọkàn bá ti ń lù kìkì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí jíà kọ̀ọ̀kan ń fún yín àti ohun tó ń gbà

Mánúà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ agbára ẹ́ńjìnnì. Kílọ́ọ̀ṣì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ní tààrà, jíà tó pọ̀ sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà níbi tó ti lágbára jù. Ìdí nìyí tí Pro Stock, ọ̀kan lára ìsọ̀rí eré NHRA, fi ń lo mánúà onípele márùn-ún títí di òní. Mọ́tò wọ̀nyẹn ń dé òpin ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà àtààbọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń gbéra nìkan ni awakọ̀ sì ń lo ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ló ń fi fa jíà, bí ẹni ń fa okùn. Ìyà mánúà ni pé kílọ́ọ̀ṣì tó bá dì mú lójijì máa ń mú kí táyà máa yí lásán, tàbí, bí táyà bá di ilẹ̀ mú dáadáa, kó ṣẹ́ irin tó ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò.

Ohun tí ọtomátíìkì ní dípò kílọ́ọ̀ṣì ni torque converter. Ẹ fojú inú wo fáànù méjì tó kojú síra wọn nínú ọ́ìlì: ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ọ́ìlì tó ń ti jáde lára rẹ̀ ń yí èkejì. Nígbà tí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń sá, ó lè sọ agbára ìyípo di nǹkan bí ìlọ́po méjì, kò sì ní fọ́ nǹkan nítorí pé ọ́ìlì rọ̀. Ó ń jẹ agbára díẹ̀, ooru ló sì ń sọ ọ́ dà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni stall, ìyẹn iye RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tí ẹ́ńjìnnì lè sá dé nígbà tí mọ́tò ṣì wà lójú kan. Bí ẹ́ńjìnnì yín kì í jí títí di 4,000, tí stall yín sì jẹ́ 2,000, mọ́tò yín á wọ́ kúrò lójú ìlà bí ẹni oorun ń kùn. Ẹ bá ẹni tó ń ṣe converter sọ̀rọ̀, ẹ sọ ìwúwo mọ́tò àti irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, kó tó tà á fún yín.

Powerglide, jíà ọtomátíìkì tí General Motors gbé jáde lọ́dún 1950, ò ní ju ìpele méjì lọ. Àwọn onídírágì ò yé fẹ́ràn rẹ̀: ó fúyẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó pààrọ̀ jíà, ohun tó lè bàjẹ́ kéré. Bí mọ́tò yín bá wúwo, Turbo 400 onípele mẹ́ta ló dáa jù.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má ṣe ṣahun lórí irin ààbò tó ń bo kílọ́ọ̀ṣì tàbí jíà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1970, ní Lions Drag Strip ní California, jíà bú gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ Don Garlits, awakọ̀ dírágì olókìkí, ó gé apá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ, mọ́tò náà sì já sí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀ jáde lọ́dún 1971, tí gbogbo ayé fi tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí a ṣe ń gbéra pẹ̀lú mánúà

Bí táyà yín bá jẹ́ ti títì lásán, ẹ yà fún omi tí wọ́n dà sílẹ̀ kí ẹ tó dé ìlà, nítorí ojú táyà á gbé e dé ibi tí ẹ ti fẹ́ gbéra. Ẹ rọra sún títí iná kékeré méjèèjì tó wà lórí òpó iná, tó ń fi hàn pé ẹ ti dé ìlà, á fi tàn. Kílọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀, jíà kìíní ti wọlé, ẹ gbé RPM sí nǹkan bí 2,500. Nígbà tí iná pupa rúsúrúsú kẹta bá tàn, ẹ gbéra. Ẹni tó bá dúró de iná àwọ̀ ewé ti pẹ́. Ẹ má já ẹsẹ̀ lójijì, ẹ má sì fà á. Ẹ gbé e títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì mú, kí ẹsẹ̀ kejì máa tẹ tọ́rótù, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú mọ́tò sáré, tẹ̀ lé e.

Láti jíà kejì sí ìkẹta ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù. Wọ́n á di ọ̀pá jíà mú gírígírí, wọ́n á fà á sápá òsì, jíà kìíní á wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì ké títí yóò fi fọ́. Ẹ la ọwọ́ yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ọ̀pá náà lọ síwájú, kí ẹ jẹ́ kí sípíríìnì inú rẹ̀ gbé e wá sáàárín fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe ń gbéra pẹ̀lú ọtomátíìkì

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò le: ẹsẹ̀ òsì lórí bíréékì, ọ̀tún lórí tọ́rótù, ẹ gbé RPM dé ibi tí bíréékì ṣì lè dá mọ́tò dúró, kí ẹ wá fi bíréékì sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni transbrake, tó ń mú jíà kìíní àti rìfáàsì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí mọ́tò ò fi ní lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Dodge gbé e sínú Challenger Demon ti ọdún 2018 láti ilé iṣẹ́ wá. Àtàǹpàkò yín wà lórí bọ́tìnì lára sítíárì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì á gòkè dé stall, á dúró síbẹ̀, gbogbo ara mọ́tò á máa gbọ̀n bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tó rí ẹran. Iná kẹta tàn, ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ yín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, nítorí ọ́ìlì ń gbóná gan-an nínú converter.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka ìwé tí wọ́n fún yín

Bí eré bá parí, wọ́n á fún yín ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò fíìtì 60, ìyẹn iye àkókò tí ẹ lò láti sá fíìtì 60 àkọ́kọ́. Bí ti mánúà yín bá jẹ́ 1.98, 2.15, 2.04, ẹsẹ̀ yín ló ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ má tíì ra ohunkóhun, ẹ lọ sá a sí i. Bí ti ọtomátíìkì bá jẹ́ 1.82, 1.83, 1.82, ẹ ti ní mọ́tò tó ṣeé kọ nọ́ńbà sí lára.

Kí ẹ tó padà sórí ìlà, bó bá jẹ́ ọtomátíìkì ni, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jíà yọ, ẹ nù ún sára aṣọ funfun, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá pupa tó sì mọ́, ẹ máa lọ. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná nídìí ìkòkò, ẹ ti mọ́tò náà sórí tírélà, kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.