Tẹ́ ẹ bá lọ sí dójò tí kì í ṣe tiyín, ìparí ìlà ni kẹ́ ẹ dúró sí

Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn ṣe ìdánrawò ní dójò, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ júdò tàbí kàráté, tí wọn ò ti mọ̀ yín, ẹ tètè dé, ẹ bi olùkọ́ léèrè bẹ́líìtì tó yẹ kẹ́ ẹ so, kẹ́ ẹ sì lọ dúró sí ìparí ìlà lọ́dọ̀ àwọn tí ipò wọn kéré jù. Ipò ni wọ́n fi ń tò. Ẹni tó bá wà ní ìparí kò gba àyè ẹnikẹ́ni, ó sì lè máa wo àwọn tó ṣáájú rẹ̀: tí wọ́n bá tẹríba, kó tẹ̀ lé wọn, tí wọ́n bá fẹ́ kúnlẹ̀, kó jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó sì jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ dìde. Ẹ má gbójú lé bẹ́líìtì dúdú tẹ́ ẹ gbà níbòmíì. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ Kano Jigoro, tó dá júdò sílẹ̀ ní 1882, ni Funakoshi, ọ̀gá kàráté, ti mú ètò dan, ìyẹn ipò àwọn tó ní bẹ́líìtì dúdú, wọnú kàráté ní 1924, àmọ́ dan ti ọ̀kan kì í ṣe dan ti èkejì. Olùkọ́ tó bá rí i pé ẹ tó bẹ́ẹ̀ á pè yín sókè fúnra rẹ̀, iyì ńlá sì nìyẹn. Kí wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn ló máa ń dunni. Ọgbọ́n yìí ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kung fu, torí ọjọ́ téèyàn wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà níbẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Níbẹ̀, ẹ bi ọ̀kan nínú àwọn àgbà léèrè ibi tí àlejò ń dúró sí.