Bí a ṣe ń kọ́ ajá ní ìlúwẹ̀ẹ́, àti bí a ṣe ń dáàbò bò ó nínú omi

Bí ajá bá já sínú kànga tí ogiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, yóò máa fi èékánná ẹsẹ̀ iwájú ha ogiri náà láti gùn ún, kò sì ní dáwọ́ dúró títí agbára yóò fi tán nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ odò wẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ajá yóò ṣe wọ omi, bí kò ṣe láti orí bí yóò ṣe jáde. Ní Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, kànga wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá, àwọn awakùsà góòlù sì ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní ìhà Ìtagúnmodì àti àwọn oko mìíràn, tí òjò sì ń kún inú wọn. Ẹni tí ó bá ń sin ajá níbẹ̀ kò lè ka ẹ̀kọ́ yìí sí fàájì lásán.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí a wo irú ajá tí a ní. Ajá ìbílẹ̀ wa, tí ara rẹ̀ fúyẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn, kì í sábà pẹ́ kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ajá Jámánì tí àwọn ọlọ́dẹ ń sìn. Rottweiler àti Boerboel lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn wúwo, ó sì tètè máa ń rẹ̀ wọ́n. Èyí tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, irú bí bulldog àti pug, ni kí a ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí pé ó ní láti gbé orí sókè gan-an kí ó tó lè mí, bí orí bá sì ti lọ sókè báyìí ni ìdí yóò máa rì. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi tí ó ju àyà rẹ̀ lọ láìwọ ẹ̀wù ìléfòó, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ rì. Ọmọ ajá ní láti dúró títí yóò fi gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, èyí tí ó sábà máa ń parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 sí ìgbà tí a bí i. Yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ bi dókítà ẹranko léèrè nípa abẹ́rẹ́ tí ó wà fún leptospirosis, àrùn tí ìtọ̀ eku máa ń gbé wọnú omi, tí ó sì ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́. Àrùn náà lè ran ènìyàn pẹ̀lú.

Ibi tí a óò ti kọ́ ọ gba ìrònú. Omi Ọ̀pá tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ́jú, ó sì wuni, ṣùgbọ́n omi tí àwọn ènìyàn ń mu ni, kì í ṣe ibi tí a ń mú ajá lọ. Odò Ẹsìnmìrìn, tí ìtàn Mọrèmí so mọ́, àti àwọn odò mìíràn tí a ń bọ ní ilẹ̀ wa, ẹ má mú ajá débẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó ni ín. Ìṣàn omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò dára fún ẹ̀kọ́ rárá, nítorí pé àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, omi sì ń já láti òkè pẹ̀lú agbára. Odò tí wọ́n ti ń fọ góòlù ni ó burú jù nínú gbogbo wọn: omi náà pọ́n, ó ki, a kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn awakùsà sì máa ń lo mákúrì, irin olómi tí ó jẹ́ májèlé, ajá yóò sì lá ohunkóhun tí ó bá lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀.

Adágún ẹja oníyẹ̀pẹ̀ ni mo fara mọ́ jù, èyí tí ẹni tí ó ni ín ti kó ẹja inú rẹ̀ tà, tí ó sì gbà wá láàyè láti lò. Bèbè rẹ̀ máa ń rọra lọ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ kò sì ṣàn. Bí kò bá sí, ẹ wá ibi tí odò kékeré kan ti rọra ṣàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, ẹ fi odò sílẹ̀, nítorí pé òjò lè rọ̀ lókè odò kí ìsàlẹ̀ má sì rí ẹ̀kán kan, kí àgbàrá sì dé lójijì. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú dáadáa kí ẹ tó jáde nílé. Ẹni tí yóò wọ omi pẹ̀lú ajá kí ó wọ bàtà rọ́bà gígùn bí ó bá ní in, nítorí pé àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà nínú omi adágún tí ìgbín omi kéékèèké ń gbé.

Ohun tí a nílò kò pọ̀: bẹ́líìtì tí ó gba àyà àti abẹ́ apá ajá kọjá, okùn fífúyẹ́ tí ó gùn tó mítà 5 sí 10, pátákó fífẹ̀ kan, táwẹ́lì, àti ẹ̀dọ̀ sísè tí a gé wẹ́wẹ́. A kì í so okùn mọ́ ọrùn ajá nínú omi, a kì í sì í lo ṣéènì. Àwọn kan máa ń so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ajá lára dípò ẹ̀wù ìléfòó. Mo bẹ yín, ẹ má dán an wò, torí pé kẹ́ẹ̀gì náà lè yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì dorí ajá kodò.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ẹ fi pátákó náà ti àtẹ̀gùn ilé, kí ẹ sì máa pe ajá gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Jáde!", kí ẹ fún un ní ẹ̀dọ̀ ní kété tí ó bá dé òkè. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ títí tí yóò fi máa sáré gun pátákó bí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ bu omi sínú báàfù ńlá tí kò jìn, kí omi náà má kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì tún pè é jáde. Bí ìrù rẹ̀ bá ṣì wà láàárín itan, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá dé adágún, ó yẹ kí ẹ jẹ́ ènìyàn méjì, ẹnì kan nínú omi, ẹnì kejì lórí bèbè pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ẹ má ju ajá sómi láéláé. Ajá tí a jù sómi lẹ́ẹ̀kan lè má gbàgbé, ẹni tí ó jù ú ni yóò sì máa sá fún. Ẹ bá a rìn wọlé díẹ̀díẹ̀, títí omi yóò fi kan ikùn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ mú un dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ padà sí bèbè kí ẹ tó jẹ́ kí ó máa lúwẹ̀ẹ́. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀: ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ayé gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ó dojú kọ ilẹ̀.

Ẹ fi apá kan gbé e lábẹ́ ikùn, ní iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di bẹ́líìtì mú lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni yóò kọ́kọ́ lò, yóò máa fi wọ́n gbá omi pàá-pàá, omi yóò máa ta sí i lójú, àyà rẹ̀ yóò gòkè, ìdí rẹ̀ yóò sì máa rì. Ẹ rọra gbé ikùn náà sókè títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ́jú pẹ̀lú omi. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wa omi, tí ariwo gbígbá omi yóò sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ni àmì tí mo máa ń dúró dè. Ẹ rẹ apá yín sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò. Ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 tó lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà má sì ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Bí ó bá ti ń dá lúwẹ̀ẹ́, iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí pé ajá sábà máa ń padà sí ibi tí ó ti wọlé nìkan. Ẹ máa mú un wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa pè é jáde níbòmíràn, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀nà àtijáde jẹ́ ohun tí a ń wá. Nínú adágún oníkọnkéré, ẹ so pátákó náà mọ́ etí rẹ̀ gbọn-in, kí ẹ darí ajá débẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nílé, kí kànga ní ìdérí onírin tí a ń tì. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè rọ́pò ìyẹn.

Bí imú rẹ̀ bá ń súnmọ́ omi jù, tàbí tí ìdí rẹ̀ tún ń rì, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ mú un jáde. Ajá tí ń fi ẹnu gbá igi tàbí bọ́ọ̀lù mú nínú omi léraléra lè gbé omi mì ju bí ó ti yẹ lọ: bí ikùn rẹ̀ bá wú, tí ó ń bì, tí ó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá. Ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kò gbọdọ̀ wọ omi; ẹ jẹ́ kí wákàtí 2 kọjá ná, pàápàá fún èyí tí àyà rẹ̀ jìn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ nu inú etí rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì wo abẹ́ apá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ fún eṣúṣú àti eégbọn.

Bí ajá bá wà nínú ewu, ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Ẹ na ẹ̀ka igi tàbí pátákó sí i. Bí inú kànga ni, ẹ fi okùn so táyà tàbí apẹ̀rẹ̀ ńlá sọ̀kalẹ̀ kí ó lè fi ẹsẹ̀ lé e, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àwọn agbẹ́kànga, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kànga lè pa ènìyàn. Bí a bá ti gbé e jáde tí kò mí, ẹ rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí omi dà jáde, ẹ fa ahọ́n rẹ̀ síwájú, ẹ nu ẹnu rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ẹ fẹ́ èémí sí ihò imú rẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi gbé sókè. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá lù, ẹ tẹ ibi tí àyà rẹ̀ ti fẹ̀ jù, ní ìwọ̀n 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa fẹ́ èémí 2 sí i lẹ́yìn ìtẹ̀ 30. Bí ó bá tilẹ̀ jí, kí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé omi tí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ sọ fún dókítà bí ó ti pẹ́ tó nínú omi, àti bóyá omi kànga, omi odò tàbí omi ihò awakùsà ni.